Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Mú Igbà Wọ Inú Àgùnfọn

Èmi ni mo sọ fún bàbá mi pé ẹ̀rọ náà kò léwu tó igbà. Mo fẹ́ kọ ìyẹn ṣáájú, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ohun tó kù ti wá.

Àbúrò bàbá mi ló ra ẹ̀rọ náà ní Kútọnu, lára àwọn àlòkù tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá láti Yúróòpù. Ó ní táyà mẹ́ta, ẹ́ńjìnnì kan, àti apá irin gígùn tó gbé agbọ̀n irin lórí. Ẹni tó bá dúró nínú agbọ̀n ló ń fi ẹsẹ̀ wà á: yóò tẹ̀ ẹ́ síwájú, yóò tẹ̀ ẹ́ gòkè, láìsọ̀kalẹ̀. Ẹ̀rọ náà dàgbà jù mí lọ. Ọ̀dà rẹ̀ ti bó débi pé mi ò lè sọ àwọ̀ tó ní tẹ́lẹ̀. Oko èso ni wọ́n ṣe é fún, àbúrò bàbá mi sì ní oko máńgòrò ní Banigbé, tí àwọn ọ̀pẹ àtijọ́ mélòó kan wà láàárín rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní Àgùnfọn nítorí ọrùn rẹ̀.

Láti kékeré ni bàbá mi ti ń gun ọ̀pẹ. Lọ́dún tó kọjá, igbà, okùn tó máa ń yí mọ́ ọ̀pẹ àti mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀, já mọ́ ọn lára, ó sì ṣubú. Ìbàdí rẹ̀ kò tíì bọ̀ sípò dáadáa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba lísáńsì, ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ní Àjàṣẹ́ nígbà náà, mi ò sì tíì ríṣẹ́. Mo jókòó tì í, mo ní kó máa fi Àgùnfọn bẹ́ ẹyìn, pé irin kì í já bí okùn.

"Ó dáa, Lísáńsì," ó ní. "Mo gbà." Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Bàbá mi wọ inú agbọ̀n, ó gòkè lọ bẹ́ ẹyìn lórí ọ̀pẹ kan. Èmi àti àbúrò rẹ̀ wà nílẹ̀. Táyà ni mò ń wò, nítorí ilẹ̀ rọ̀. Mi ò wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti yí igbà mọ́ ọ̀pẹ àti mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, ó ti so ó, ó sì ti yọ àdá.

Táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Kò yára. Agbọ̀n ń kúrò lára ọ̀pẹ díẹ̀díẹ̀, igbà sì ń le. Ó fa bàbá mi mọ́ irin iwájú agbọ̀n títí mo fi gbọ́ tí èémí rẹ̀ gé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀," àbúrò rẹ̀ ní.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́, Bàbá," èmi náà ní.

Àbúrò bàbá mi yíjú sí mi. Mi ò ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Mo nawọ́ sí ara ọ̀pẹ: igbà ti há sáàárín àwọn kùkùté imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n ti gé. Bí agbọ̀n bá wálẹ̀, igbà kò ní bá a wá. Agbọ̀n yóò kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ bàbá mi kó tó ríbi fi ẹsẹ̀ tì.

"Ẹ kúkú gé igbà náà, Ẹ̀gbọ́n," àbúrò rẹ̀ ní.

"Kí n gé e, kí n wá bá mọ́tò yín ṣubú?" bàbá mi ní. Ohùn rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́. "Ẹ bọ́ síwájú rẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ dìrọ̀ mọ́ ọn. Ẹ dẹ okùn fún mi."

A dìrọ̀ mọ́ irin iwájú ẹ̀rọ bí àwọn tó ń fa ẹ̀ka máńgòrò wálẹ̀. Agbọ̀n sún mọ́ ọ̀pẹ, bóyá ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Igbà dẹ̀. Bàbá mi gbé ẹsẹ̀ tó dáa kọjá irin, ó fi ti ara ọ̀pẹ. Èkejì pẹ́. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Lẹ́yìn náà ó fara ti igbà, ó sì ń bọ̀ wálẹ̀ bí mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré: ó ju igbà, ó gbé ẹsẹ̀, ó ju igbà, ó gbé ẹsẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kò ṣubú. Ó yẹ kí n kọ ìyẹn náà. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó tẹ̀ sẹ́yìn. Nítorí náà mi ò lè sọ pé igbà ló gba bàbá mi là. Ká ní kò so ó, bóyá ì bá kàn dúró nínú agbọ̀n títí a ó fi ti pákó sábẹ́ táyà. Mi ò sì lè sọ ohun tí mo sọ tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ó jókòó sídìí ọ̀pẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kẹ́ ẹ so igbà nínú mọ́tò?"

"Èmi so igbà?" Ó wo ìbàdí ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ti ẹlòmíì. Igbà ṣì wà níbẹ̀. Ó kọjú sí mi. "Lísáńsì, o ní irin kì í já."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Kò já lóòótọ́."

Ní báyìí, máńgòrò nìkan ló ń fi Àgùnfọn ká, lórí pákó. Ó ra igbà tuntun tó fi ń gun ọ̀pẹ. Kó tó wọ inú agbọ̀n, mo máa ń na ọwọ́ sí i. Yóò wò mí, yóò tú igbà kúrò ní ìbàdí, yóò gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo máa ń fi kọ́ èjìká títí yóò fi wálẹ̀. Mi ò wo táyà nìkan mọ́.