Ojú Afọ́jú ní Ilé Gààrí Rore

Ọdún mọ́kànlá ni Motún fi bẹ ẹ̀gẹ́ nílé gààrí Alhaji Bashir ní Rore, ọ̀bẹ kò sì ge ìka rẹ̀ rí. Kì í purọ́. Òótọ́ rẹ̀ yìí gan-an ló ń bí mi nínú.

Àáró ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń ṣe: bí ara bá ń ni ẹnìkan, àwọn yòókù á bá a bẹ òkìtì tirẹ̀, bó dọ̀la, òun náà á bá wọn bẹ. Alhaji ní ọ̀lẹ nìyẹn ń kọ́ wọn, kí kálukú bẹ tirẹ̀. Wọn kò gbọ́. Ló bá gbé kámẹ́rà kọ́ sókè, ó ní láti Ìlọrin lòun á ti máa wò wọ́n.

Àwa tí a mọ àálè, ṣé ó yẹ kí èyí rú wa lójú? Baba mi á so àkísà àti ìkarahun ìgbín mọ́ òkìtì iṣu lóko, á sì lọ sílé lọ sùn. Àkísà ò lójú. Ẹ̀rù àwọn tó ń kọjá ló ń bá a ṣọ́ iṣu.

Rúùtù, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà. Bó bá ti di ọ̀sán, á sáré lọ fún ọmọ lọ́mú, Motún á kẹ̀yìn sí kámẹ́rà, á máa bá a bẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ní Jímọ́ọ̀ kan, Alhaji dé, ó ń pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún gbogbo wọn: "Mo ti rí ẹ. Fẹnu ara ẹ sọ ọ́." Alárékérekè! Kò rí nǹkan kan.

Àwọn yòókù ní àwọn ò mọ nǹkan kan. Motún rò ó pé àáró kì í ṣe olè. Ṣebí àáró náà ni wọ́n fi kọ́lé fún bàbá Alhaji. Ó sọ ọ́ láìbẹ̀rù: "Rúùtù ni mò ń bá bẹ ẹ̀gẹ́, Alhaji. Ó lọ́mọ ọwọ́ nílé."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Alhaji ti lé Rúùtù. Ó fi Motún ṣe ọ̀gá lórí àwọn tó kù, Motún ò sì kọ̀.

Lóṣù kejì, ìjì já kámẹ́rà náà lulẹ̀. Ike lásán! Kò ní wáyà, ilé agbọ́n ló wà nínú rẹ̀. Motún fi gèlè wé e, ó gbé e lọ sílé Rúùtù.

"Wò ó, Rúùtù. Alhaji ò rí wa rárá!"

Rúùtù ń fún ọmọ lọ́mú, kò gbójú sókè.

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ rí mi."