Wáyà Ọ̀gá àti Igbá Omi Ìyá Mi

Ẹ má bi mí bóyá inú ṣì ń bí mi. Ó ń bí mi. Àwọn tó máa ń sọ fún mi pé ohun tó ti kọjá ti kọjá, kì í sábà jẹ́ àwọn tí wọ́n gé ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu.

Nígbà tí Ìjọba Ìyípadà ń ṣe tirẹ̀ lórí wa, èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀rọ tẹlifóònù ní ilé pósìtì Ìdáàṣà. Ẹ̀rọ náà wà nínú àpótí irin kan tó ga jù mí lọ, ní yàrá kékeré lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta sítáǹbù. Gbogbo ẹni tó ní tẹlifóònù nílùú, inú àpótí yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbà kọjá. Iṣẹ́ tèmi ni láti jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ irú ẹni tí kálukú jẹ́. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, èmi ni mo máa ń fi irin gbígbóná lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó yẹ. Bí mo bá lẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, onítọ̀hún kò lè pe ẹnikẹ́ni àfi ará Ìdáàṣà. Bí mo bá lẹ̀ ẹ́ sáàárín, ó lè pe Kútọnu, ó lè pe Párákú. Bí mo bá lẹ̀ ẹ́ sókè, ọ̀gá ni. Ọ̀nà ìpè méjì péré ló jáde nílùú wa. Bí méjèèjì bá kún, tí ọ̀gá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ á gé mẹ̀kúnnù kan dànù kí ọ̀gá lè ráyè. Kò ní kìlọ̀, kò sì ní tọrọ gáfárà.

Lójú pópó, kamaráàdì ni gbogbo wa. Wọ́n ní kò sí ọmọ ọba mọ́, kò sí ẹrú mọ́. Kódà bí a bá gbé tẹlifóònù, ká tó béèrè àlàáfíà ara wa, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ pé ìjàkadì ń tẹ̀síwájú. Nínú àpótí mi ńkọ́? Oyè tó wà níbẹ̀ ju ti ààfin lọ. Bí wọ́n bá fi ẹnìkan ṣe olórí ìgbìmọ̀ lónìí, wọ́n á ránṣẹ́ pé kí n gbé wáyà rẹ̀ sókè. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lọ́la, kí n já a wálẹ̀. Wáyà ilé ìgbẹ̀bí kò kúrò nísàlẹ̀ rí, nítorí agbẹ̀bí kò joyè kankan. Mo sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn, wọ́n ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ ìjọba níṣẹ́. Ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyáálé ilé kì í sè é. Mo panu mọ́, mò ń lẹ wáyà.

Ìyá mi ń gbé ní Lèma, abúlé wa, ó ń gbin iṣu àti ẹ̀pà, kì í sì í pa ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Fadá jẹ lọ́jọ́ Àìkú. Àbúrò mi ọkùnrin, àbíkẹ́yìn rẹ̀, wọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ìjọba ní kí wọ́n pa àṣà àtijọ́ rẹ́. Ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbé àáké wọ agbo ilé wa, wọ́n gé igi ìrókò tí wọ́n sin bàbá wa sábẹ́ rẹ̀. Ìyá mi kì í bọ igi, ṣùgbọ́n ojú oórì ọkọ rẹ̀ ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọmọ rẹ̀ lójú, ó ní, "Ẹsẹ̀ tí o fi jáde yìí, má fi í wọlé mi mọ́."

Ẹyin lohùn. Ọmọkùnrin náà lọ sí Kútọnu, ó ríṣẹ́ ní èbúté, kò padà wálé mọ́. Nígbà tó yá, ó kábàámọ̀ igi náà, ó ránṣẹ́ bẹ̀bẹ̀. Inú ìyá wa náà ti rọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé tiwa, ọ̀rọ̀ tí ìyá bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ sí ọmọ, alárinà kò lè bá a kó o. Ìyá fúnra rẹ̀ ni yóò bu omi tútù sẹ́nu, yóò fẹ́ ẹ sílẹ̀, yóò sọ pé òun ti mú ọ̀rọ̀ náà kúrò, ọmọ yóò sì ṣe àmín kí ìyá fetí ara rẹ̀ gbọ́. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá mi ti wú, kò lè wọkọ̀ dé Kútọnu. Ọmọ náà kò sì lè wọ ilé tí wọ́n ní kó má wọ̀.

Awakọ̀ akẹ́rù kan ló mú ìròyìn wá pé àbúrò mi ti ríṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, pé wọn ò ní pẹ́ gbéra. Ojú ìyá mi yí padà. "Èmi ni mo ní kó má padà," ó ní. "Ó wá fẹ́ gun òkun lórí ọ̀rọ̀ mi."

Mo rán awakọ̀ náà padà pé kí àbúrò mi dúró ti tẹlifóònù ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Lọ́jọ́ náà, ìbátan wa kan fi alùpùpù gbé ìyá mi wá sí pósìtì. Ó gbé igbá omi kékeré dání, ó fi ewé bò ó.

Mo ní, "Ìyá, ṣé kò sómi ní pósìtì ni?"

Ó ní, "Omi ìkòkò ilé tí mo lé e kúrò ni."

Mo mú un wọ kàbíìnì, ibi tí gbogbo ará ìlú ti ń sọ̀rọ̀, tí wáyà rẹ̀ wà láàárín. Mo pe nọ́ńbà náà, àbúrò mi dáhùn, mo gbé tẹlifóònù fún ìyá mi. Ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, ó ṣí ewé kúrò lórí igbá. Ó bu omi sẹ́nu, ó fẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sìmẹ́ńtì, ó ní, "Ẹnu yìí ló sọ ọ́, ẹnu yìí náà ló mú un kúrò. Máa lọ, kí o sì máa bọ̀. Ilé mi, ilé rẹ ni." Ó wá ń retí àmín.

Ó retí títí. Ó wo tẹlifóònù náà, ó wò mí. "Kò dáhùn," ó ní.

Mo sáré dé ibi àpótí. Iná wáyà ọ̀gá ló ń tàn, ti olórí ìgbìmọ̀ wa tuntun, tí mo fi ọwọ́ ara mi lẹ̀ sókè. Mo fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí. Ọkùnrin náà ń bi ẹnìkan ní Kútọnu bóyá ó ti bá òun rí ìbọ̀sẹ̀ funfun rà, èyí tí òun máa wọ̀ yan níwájú àwọn àlejò. Ìbọ̀sẹ̀. Àwọn ṣọ́jà ló wà lórí ọ̀nà kejì, wáyà tiwọn náà wà lókè. Nígbà tí ọ̀nà fi máa ṣí tí mo tún pè, àwọn ará èbúté ní wọ́n ti kó àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ lọ.

Mo fa ìyá mi wọ yàrá, mo ṣí àpótí fún un. Mo ní, "Ẹ wò ó, Ìyá, wáyà yìí ló gé e. Àbúrò mi kọ́."

Ó wò ó dáadáa. "Ta ló sọ fún wáyà pé ọ̀gá ni ọkùnrin yẹn?"

"Wọ́n ní kí n sọ fún un ni."

"Wáyà ò mọ̀gá," ó ní. "Ènìyàn ló ń gé ènìyàn lọ́rọ̀. Má parọ́ tù mí nínú. Ọmọ mi ò fẹ́ ṣe àmín." Ó gbé igbá rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé òun relé.

Gbogbo bí mo ṣe ṣàlàyé lẹ́yìn ìgbà náà, asán ni. Ó ní bí mo bá bí ọmọ tèmi, màá mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú, ọkọ̀ kò tíì padà dé. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n yọ olórí ìgbìmọ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi, mo já wáyà rẹ̀ wálẹ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Nígbà tí àbúrò mi dé, kò dúró lẹ́nu ọ̀nà rárá. Ó wọlé tààrà, ó jókòó sórí àga ìyá wa, ó sunkún rẹ̀ tẹ́rùn. Ó ní ọkàn òun balẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí òun wà lórí òkun, nítorí òun ṣe àmín lọ́jọ́ náà, òun pariwo rẹ̀ tí gbogbo èbúté fi ń wo òun. Ó wá gbójú sókè wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ǹjẹ́ Ìyá gbọ́ ọ?"

Mo ní, "Ìyá gbọ́ ọ."

Ó ní kí n fún òun lómi. Igbá Ìyá yẹn ni mo fi bù ú fún un.