Èèpo Ẹyin Lẹ́yìn Ilé Ìdáná

Mo rántí ìgbà tí ẹyin di ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú ilé wa ní Ìlobù. Àárín àwọn ọdún 1990 ni. Mo ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní ọsibítù aládàáni kan ní Òṣogbo. Bí mo bá ní ọsibítù ni mo ti ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún mi o: yàrá káàdì ni mo wà. Iṣẹ́ mi kò ju kí n bi èèyàn ní orúkọ, kí n wá káàdì rẹ̀ jáde nínú eruku, kí n sì gbé e fún nọ́ọ̀sì. Àmọ́ bí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Ìlobù ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, dókítà ni mo dà. Àwọn ìyá àgbà àdúgbò á na ẹsẹ̀ wíwú sí mi, èmi náà á fi ìka tẹ̀ ẹ́, màá sì mi orí bí ẹni tó mọ nǹkan kan. Ojú ń tì mí báyìí bí mo bá rántí.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi, mùsùlùmí tí kì í pa ìrun jẹ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ìyàwó méjì ló ní. Ìyá mi ni ìyálé. Ìyàwó kejì, ọmọ Ìfọ́n ni, ilé ìwé girama ni mo wà nígbà tó dé ilé wa. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni Ìlobù àti Ìfọ́n wà. A ń fẹ́ ọmọ ara wa, a ń ná ọjà kan náà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà láàárín wa tó dàgbà ju bàbá mi lọ, bó bá sì ti ru sókè, àní àwọn tó jọ ń jẹun á máa ṣọ́ ara wọn. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, nítorí pé wọ́n ti bí mi kí ó tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni mo jẹ́. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi, kò sì jẹ́ pe orúkọ mi. Akọ̀wé ló sọ mí. "Ẹ" ló ń lò fún mi, èmi náà ń lo "ẹ" fún un, torí ìyàwó bàbá ẹni, ìyá ẹni ni. Ọlọ́run kò tíì fún un lọ́mọ. Adìẹ àgíríìkì ló ń sìn sínú ilé onípákó kan ní ẹ̀yìnkùlé, ẹyin wọn ló sì ń tà. Bàbá mi fẹ́ràn ẹyin púpọ̀. Ẹyin sísè méjì, iyọ̀ tó pọ̀ díẹ̀, ata gígún, ní àràárọ̀ kí ó tó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí oko.

Lọ́dún kan, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bàbá. Wọ́n bá a níbi tó ti di igi kòkó mú kí ó má baà ṣubú. Mo mú un lọ sí ọsibítù wa, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Dókítà tó rí i, ọ̀dọ́ ni, ó ní kọlẹ́sítíróòlù, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ti pọ̀ jù fún bàbá, pé bó bá dí ojú iṣan lọ́jọ́ kan, ọkàn lè dákẹ́. Ó ní kí bàbá má fẹnu kan ẹyin mọ́, kí ó fi ẹran ọlọ́ràá àti epo pupa sílẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, mo gbé káàdì náà tọ dókítà àgbà kan tó máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń kọ́ bàbá yín lóòyì. Ẹ dín iyọ̀ rẹ̀ kù. Ẹyin kan lọ́jọ́ kan kò ní pa á." Káàdì kan, dókítà méjì, ọ̀rọ̀ méjì. Ìfura loògùn àgbà, ni àwọn baba wa wí, àmọ́ èmi ọmọdé ló ń mu oògùn ọ̀hún ní àmupara. Mo fura sí dókítà àgbà pé ó ti gbàgbé ìwé tó kà. Èyí tó dẹ́rù bà mí ni mo gbà gbọ́.

Mo kọ òfin oúnjẹ sára páálí kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná: kò sí ẹyin, kò sí epo, kò sí ọ̀rá ẹran. Mo gbé bọ́tà inú agolo wá láti Òṣogbo, torí wọ́n kọ ọ́ sára agolo pé kò ní kọlẹ́sítíróòlù, mo ní òun ni kí wọ́n máa fi dín nǹkan fún bàbá. Bàbá ka páálí náà tán, ó ní bàbá tó bí òun fi epo jẹ iṣu títí eyín fi ká lẹ́nu rẹ̀. Ìyá mi ní gbogbo ohun tí mo bá ti sọ ni àwọn máa ṣe. Ìyàwó nìkan ló béèrè ọ̀rọ̀.

"Akọ̀wé, ẹ má bínú o. Ṣebí ẹ ní dókítà méjì ló rí ìwé bàbá? Kí ni èkejì wí?"

Inú bí mi. Mo dá a lóhùn pé ẹni tó ń ta ẹyin kò lè gbà láé pé ẹyin kò dára. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Òótọ́ ni, Akọ̀wé," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Àwọn ìyàwó méjèèjì ń pín oúnjẹ bàbá ní ọjọ́ méjì-méjì, bó bá sì bọ́ sí ọjọ́ tirẹ̀ tí mo wà nílé, mo máa ń yọjú sí ìkòkò kó tó kúrò lórí iná. Mo ń gbóòórùn àwo bàbá bí ajá ọdẹ. Mo ń wo bí ẹyin ṣe kún inú kéréètì sí kí n tó lọ, màá tún wò ó bí mo bá dé. Bí òun àti bàbá bá ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n dákẹ́ nígbà tí mo wọlé, oorun kò ní wá sójú mi. Ó jẹ́ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún ti ń gbóná. Àwọn ẹgbẹ́ mi nínú ìlú á ní ọmọ Ìfọ́n kì í gbàgbé ilé bàbá rẹ̀. Èmi á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀ mí lára.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo tún mú bàbá lọ fún àyẹ̀wò. Ó ti rù, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ti fẹ̀ jù fún un. Lọ́jọ́rú tí èsì jáde, kọlẹ́sítíróòlù tí a ní a fẹ́ dín kù ti lé sí i. N kò dúró kí a parí iṣẹ́. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ́sàn-án gangan, n kò gba iwájú ilé wọlé, ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà. Lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, mo rí èèpo ẹyin tí wọ́n fi ewé bò. Inú rẹ̀ ṣì tutù.

Bàbá jókòó lórí ẹní, ó ń ka tẹ̀súbáà. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà nítòsí rẹ̀. Ìyàwó ń bọ̀ láti ìdí adìẹ pẹ̀lú garawa omi. Mo da èèpo ẹyin náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sì pariwo débi tí àwọn ará ilé kejì fi yọjú.

"Kí lo fẹ́ fi bàbá mi ṣe? Ṣé àwọn ará Ìfọ́n ló rán ẹ láti pa á ni?"

Mo ti sọ "o" fún ìyàwó bàbá mi, mo ti pe ìlú rẹ̀ ní apànìyàn, gbogbo àdúgbò sì ti gbọ́. Ó rọra gbé garawa kalẹ̀. Kò wò mí rárá. Ìyá mi ló wò, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Lójú tèmi nígbà náà, ẹni tí àṣírí rẹ̀ tú ló ń wá alágbàwí. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá.

"Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tí Akọ̀wé wí?"

Bàbá mi fa tẹ̀súbáà rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ náà ti tó. Ẹ lọ sinmi." Ìyá mi kò gbójú sókè nínú ẹ̀wà tó ń ṣà. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ìyàwó ti gbé báàgì kékeré kan, ó ti fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìfọ́n. Adìẹ rẹ̀ ló fi sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn náà, mo wà nílé, mo ń da oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn adìẹ náà nígbà tí òórùn dídín kọlù mí nímú. Mo wọ ilé ìdáná. Ìyá mi dúró nídìí ààrò, ó ń fi bọ́tà tí mo rà dín ẹyin mẹ́ta.

"Ìyá mi, ta lẹ ń dín in fún?"

"Bàbá rẹ ni. Ṣé kò ń rù lójú rẹ ni? Wọ́n ń bi mí lọ́jà pé kí la fi í ṣe. Ọ̀sẹ̀ tí o lẹ páálí yẹn náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló wá dé tí ẹ kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Ó yí ẹyin náà padà. "Èmi kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni o. Ìwọ lo pè é."

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé ọjọ́rú ọjọ́ náà, ìyá mi ni oúnjẹ kàn. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan kí n tó dá a. Mo lọ bá bàbá. Ó ní bí òun bá sọ̀rọ̀, òun á dójú ti ìyálé lójú ìyàwó, pé òun rò pé bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá, ìbínú á rọ̀, òun á sì lọ mú un wálé. Ìbínú ti rọ̀ lóòótọ́. Ohun tí mo sọ ni kò rọ̀.

Mo lọ sí Ìfọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin dúró, wọ́n káwọ́ lẹ́yìn. Òun ló ní kí n dìde.

"Akọ̀wé, ó tó, ẹ dìde. Mo mọ̀ pé ìyálé ni. Ọwọ́ mi ló ti ń gba ẹyin."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ nílé. Bàbá ń retí yín."

Ó ní, "Bí mo bá padà, tí orí bá tún fọ́ bàbá lọ́la ńkọ́? Àgbàlagbà ni wọ́n, kò sí kí orí má fọ́ wọn. Ta ni Ìlobù máa mú? Ẹ sọ fún mi, Akọ̀wé, ta ni wọ́n máa mú?"

Èmi nìkan ni mo padà sí Ìlobù. Nígbà tí ọdún yípo, àwọn àlùfáà ìlú méjèèjì jókòó, wọ́n tú ìgbéyàwó náà láìsí ariwo. Bàbá lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó dín iyọ̀ kù gẹ́gẹ́ bí dókítà àgbà ti wí, òòyì sì fi í sílẹ̀. Ó lò lé ní ọdún mẹ́wàá sí i. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ ìyàwó yẹn mọ́, kò sì tún fẹ́ ẹlòmíì.

Èmi náà ti ń sún mọ́ ọjọ́ orí tó wà nígbà náà. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ mi pẹ̀lú. Àwọn kan ní ẹyin kò ní wàhálà tó báyẹn mọ́, pé irú bọ́tà inú agolo tí mo ń rù bọ̀ láti Òṣogbo nígbà yẹn ló burú jù. Àwọn kan ní kí n má gbọ́ tiwọn. Mo ń fura sí gbogbo wọn, mo sì ń fura sí ara mi ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tí bàbá kú, lọ́jọ́ kẹjọ tí a ṣe fìdáù rẹ̀, obìnrin náà wá láti Ìfọ́n. Ó ti hu ewú. Ó gbé kúlà ìrẹsì kan wá fún àwọn àlejò, bí èèyàn ti ń ṣe fún ilé ọ̀fọ̀. Mo ń wò ó bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń ti kúlà náà láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣí i. Mo dìde, mo ṣí i, mo bu ìrẹsì sáwo, mo jókòó síbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí mi. Mo jẹ ẹ́ tán. Àmọ́ kí ṣíbí àkọ́kọ́ tó dé ẹnu mi, ọwọ́ mi dúró díẹ̀ lókè, n kò sì mọ̀ títí dòní bóyá ó rí i.