Ìwọ́ Fikáyọ̀ ní Ayétòrò

Ẹ má dá Ìyá Fikáyọ̀ lóhùn tó bá ní ata ló wọ òun lójú. Èmi Karimot ni mo jókòó tì í ní Mile 12, a sì ti jọ ń ta tàtàṣé àti rodo látìgbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn. Mo mọ ẹkún ata, mo sì mọ èyí tí kì í ṣe ti ata.

Kúnbi lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ayétòrò ni, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ wa níbí, níbi tí odò ti ń wọlé èèyàn láìkan ilẹ̀kùn, ló bí Fikáyọ̀ sí. Nígbà tí ìwọ́ ọmọ já, ìyá rẹ̀ pè é láti ilé. "Má sọ ọ́ nù o. Gbé e wá. Ilẹ̀ wa la ó rì í sí, kí ọmọ yìí lè mọ ilé." Kúnbi fi òwú wé e, ó fi í sínú agolo mílíìkì, ó gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ní Ajégúnlẹ̀! Odò kún, ó wọlé, ó kó ìkòkò, ó kó bàtà, ó kó agolo lọ.

Kí ló yẹ kó ṣe? Kó sọ fún ìyá rẹ̀ pé omi ti gbé e lọ. Ìyá á bú u, ó tán. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀ pé kó má gbé etí odò, òun ló gbó ìyá lẹ́nu, ojú wá ń tì í. Ló bá mú igi ìdí tàtàṣé kan, èyí tí à ń já dànù ká tó lọ ata. Ó ti gbẹ, ó dúdú, ó ká jọ bí ìwọ́ gan-an. Ó fi òwú wé e, ó gbé e lọ sílé. Màmá, ìyá rẹ̀, fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sunkún ayọ̀, ó rì í, ó sì gbin obì lé e lórí. Igi yẹn ti ń so báyìí, Fikáyọ̀ náà ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn àbúrò Màmá lọ́kùnrin fẹ́ ta ilẹ̀ náà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé epo. Màmá ní ó di èèwọ̀. Ní ẹbí tiwọn, ilẹ̀ tí ìwọ́ ọmọ bá wà nínú rẹ̀, wọn kì í tà á. Ni Bàbá Akínbíyì, olórí ẹbí, bá ní kí ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ wá fọwọ́ kan ilẹ̀, kó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn.

Ìgbà yẹn ni Kúnbi tó jẹ́wọ́ fún mi.

"Yéè! Ìyá Fikáyọ̀, ṣé orí ẹ pé báyìí? Ìdí ata lo fi rọ́pò ìwọ́ ọmọ?"

"Karimot, jọ̀ọ́, rọra sọ̀rọ̀."

"Kí n rọra kẹ̀? Wàláhì, lọ sọ fún ìyá ẹ kẹ́ ẹ tó dé iwájú àwọn àgbà. Òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní ń forí gbọgbẹ́."

Ó gbà. Ó mú Fikáyọ̀ dání, wọ́n lọ. Bó ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi nìyí: ó bá Màmá nílé ìdáná, ó kúnlẹ̀. "Màmá, ìwọ́ yẹn..."

Màmá ò jẹ́ kó parí ẹ̀. "Ìwọ́ yẹn nìkan ni mo ní, Kúnbi. Wọ́n ní obìnrin ni mí, kí ni mo fẹ́ fi ilẹ̀ bàbá wa ṣe. Kò sẹ́ni tó gbè mí nínú wọn. Ìwọ́ ọmọ yẹn ló ń gbèjà mi."

Kúnbi bá dìde lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n pé sábẹ́ igi obì, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó ní, "Ìwọ́ ọmọ mi wà níbí." Ó forí kanlẹ̀ kí ojú rẹ̀ má bàa kan ti Màmá. Bàbá Akínbíyì rí i, ó ní, "Ẹ wo bí ọmọ ṣe fẹ́ràn ilé rẹ̀!" Wọn ò ta ilẹ̀ mọ́. Màmá jó títí gèlè fi tú lórí rẹ̀.

Fikáyọ̀ ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá bi í pé níbo ló ti wá, á ní Mile 12. Ní báyìí, kò sí oníbàárà tí kì í sọ fún. "Aunty, Ayétòrò ni mí o, ìwọ́ mi wà níbẹ̀." Ìyá rẹ̀ á kàn yíjú sẹ́yìn. Èmi tí mo ní kó lọ sòótọ́, èmi náà á tẹjú mọ́ ata tí mò ń ṣà. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, inú sì ń bí mi sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá pè. Ata wà lọ́wọ́ Kúnbi, ló bá ní kí n bá òun tẹ fóònù kí ohùn lè jáde sí gbangba.

"Kúnbi, mo ti bá Bàbá Akínbíyì sọ ọ́, wọ́n sì ti gbà. Tí mo bá kú, ẹ má gbé mi lọ sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá yín o. Abẹ́ igi obì yẹn ni kẹ́ ẹ sin mí sí. Bàbá yín á dárí jì mí. Ọ̀dọ̀ ìwọ́ ọmọ mi ni mo fẹ́ wà."

Mo tẹjú mọ́ Kúnbi, mo ń fi ẹnu ṣe é láìsọ̀rọ̀ jáde: sọ fún ìyá ẹ, sọ fún ìyá ẹ. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ó dáa, Màmá," ló sọ.