Àwọn Orí Ìbílọlá Tí Ń Dáhùn Ìkíni

Bí ẹ bá dé Ààyè-Èkìtì, tí ẹ dárúkọ Ìbílọlá amọ̀kòkò, ti Bùsàrí ọlọ́kadà ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Òwúrọ̀ ọyẹ́ ni, lọ́dún 2002, kùrukùru bo gbogbo ìlú. Bùsàrí gbé èrò láti Ọ̀yẹ́-Èkìtì wá, ó rí àwọn àgbà mẹ́fà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìbílọlá, ó sì kí wọn. Ọ̀kan nínú wọn kùn, àwọn yòókù dákẹ́. Inú bí Bùsàrí, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó lọ bá Felicia, ọmọ Ìbílọlá, tó ń gbálẹ̀.

“Mo kí bàbá mẹ́fà nínú ulé yín, ẹnì kan ṣoṣo ló dá mi lóhùn. Ṣé ọlọ́kadà kì í ṣe ọmọ èèyàn ni?”

“Ẹ sún mọ́ wọn díẹ̀,” ni Felicia wí.

Ó sún mọ́ wọn. Wọn kò ní àyà, wọn kò ní ẹsẹ̀, orí amọ̀ lásán ni wọ́n, ihò sì ni ẹnu àti etí wọn. Afẹ́fẹ́ fẹ́ díẹ̀, èyí àkọ́kọ́ tún wí pé, “Hùn-ùn.” Bùsàrí kò rántí ṣíná ọ̀kadà mọ́. Ó fi ọwọ́ tì í dé ojú títì, èrò rẹ̀ sì ń sáré tẹ̀lé e.

Felicia kò lè rẹ́rìn-ín. Òun ló ń bá àwọn orí náà gbélé.

Bánkọ́lé, bàbá rẹ̀, ló fa gbogbo rẹ̀. Tí ọkùnrin yìí bá ń ti oko iṣu bọ̀, kì í pe ẹnikẹ́ni. Kíkùn ni yóò máa kùn láti ọ̀nà oko, Ìbílọlá yóò sì ti wí pé “Ẹ káàbọ̀” kí ó tó yọ. Ó kú lọ́dún 1998. Ìyàwó rẹ̀ fi amọ̀ mọ orí rẹ̀, ó sun ún, orí náà sì bẹ́ nínú iná. Kò sí amọ̀kòkò tí kò mọ̀ pé ohun tó bá ṣófo nínú gbọ́dọ̀ ní ihò tí atẹ́gùn yóò gbà jáde. Ìbílọlá náà mọ̀.

“Ta ni yóò fi igi gún ojú ọkọ rẹ̀?” ló wí.

Ó fọwọ́ lẹ́rán fún oṣù mẹ́ta kí ó tó mọ èkejì, ó sì la ẹnu àti etí rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, orí náà kùn. Àwo bọ́ lọ́wọ́ Felicia. Ìbílọlá dìde, ó ní, “Ẹ káàbọ̀,” ó tún fetí sílẹ̀, ó mirí.

“Kì í ṣe òun. Ohùn tirẹ̀ nípọn ju báyìí lọ.”

Bí uṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó fẹ ẹnu èyí, ó dín etí tọ̀hún. Ọ̀kan ń ké bí ewúrẹ́. Èyí tí kò bá ti jọ ohùn Bánkọ́lé, ó di títà. Àwọn tó ń rà á wá láti Ìkọ̀lé àti Adó, wọ́n sọ ọ́ ní “Àwọn Olùdáhùn.” Ẹnì kan bi í bóyá ẹ̀rù kì í bà á.

“Ẹni tí kò dáhùn ló ń bà mí lẹ́rù,” ni Ìbílọlá wí.

Ó kú lọ́dún 2008, kò sì rí ohùn náà. Orí kan ṣẹ́kù tí a kò tíì sun, ojú òun fúnra rẹ̀ ló mọ, kò lu ihò kankan sí i. Felicia wò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Tí ó bá sun ún bẹ́ẹ̀, yóò bẹ́, ìyá rẹ̀ yóò sì lọ lẹ́ẹ̀kejì. Tí ó bá lu ihò sí i, yóò sọ̀rọ̀. Níkẹyìn ó mú igi.

“Màámi, ẹ má bínú sí mi,” ló wí, ó dijú, ó la ẹnu ìyá rẹ̀.

Ó sun orí náà, kò bẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, orí náà kùn lórí àga. Felicia gbọ́ ọ. Kì í ṣe ohùn ìyá rẹ̀. Ó nípọn, ó rọra, ohùn ẹni tó ń ti oko iṣu bọ̀ ni. Ọdún mẹ́wàá ni ìyá rẹ̀ fi wá a kiri nínú àwọn orí mìíràn, inú orí tirẹ̀ ló wà.

Felicia rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé orí náà kọjú sí ọ̀nà oko, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń jókòó.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá,” ló wí. “Màámi wà nílé.”