Àǹtí Oníkòròfo ti Rundle

Bí o bá dárúkọ Àǹtí Serifat láàárín àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Calgary, kí o tó pe orúkọ náà tán, ẹnìkan á ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn òṣùwọ̀n. Ilé ìtajà ìbọn kan wà ní Northeast, kò jìnnà sí Sunridge. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Serifat wọ ibẹ̀ tòun ti híjáàbù àti jákẹ́ẹ̀tì òtútù, ó ní òun fẹ́ ra àádọ́ta kòròfo ọta fún ìbọn ọdẹ òun. Kòròfo yìí ni agolo idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń da ẹ̀tù sí, tí wọ́n á sì fi ọta dé e lẹ́nu. Ẹni tó bá ń ṣe ọta rẹ̀ fúnra rẹ̀ lè lo ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún, kó tó jù ú nù. Ọmọkùnrin tó ń tajà na àpò kan tí wọ́n ti dì sí i. Serifat ò gbà á. Ó ṣí báàgì ọwọ́ rẹ̀, ó yọ òṣùwọ̀n kékeré kan, ó gbé e ka orí káńtà.

“Open it, my dear.”

“Ma'am, they're all the same.”

“Even twins are not the same. Open it.”

Wọ́n ṣí àpò kan, wọ́n ṣí èkejì, wọ́n ṣí ẹ̀kẹta. Ó ń wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tí idẹ rẹ̀ ò pé, àwọn èèyàn sì ń tò sẹ́yìn rẹ̀. Máníjà jáde láti lé e, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di wákàtí kan, máníjà náà ló ń bá a kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kòròfo mọ́kàndínláàádọ́ta ló wúwo bákan náà. Ó ku ẹyọ kan. Máníjà bẹ̀ ẹ́ pé kó mú èyíkéyìí tó bá wù ú, ọ̀fẹ́ ni.

Serifat gbójú sókè. “Free? So you want me to die free of charge?”

Ó sanwó mọ́kàndínláàádọ́ta, ó padà wá ní Sátidé kejì nítorí ẹyọ kan yẹn. Wọ́n ti gbé àga kalẹ̀ fún un.

Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kòròfo yìí sú tó ọkọ rẹ̀, Adésọjí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Adésọjí ń ṣe, alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kò sì bẹ Ọlọ́run ní ohun tó ju ìsinmi lọ. Àmọ́ ẹni tí ó fẹ́ níyàwó ni ọmọ ọdẹ Ṣakí kan, nọ́ọ̀sì tó fi ọgbọ̀n ọdún ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fún aláìsàn. Nígbà tí obìnrin náà fẹ̀yìn tì, ó kó gbogbo ìwà yẹn lọ sí basement ilé wọn ní Rundle, ó dojú rẹ̀ kọ kòròfo. Ó fi wọ́n kún abọ́ ọbẹ̀, ó fi wọ́n kún ife tíì. Nígbà tí abọ́ tán, ó wá ibòmíràn kó wọn sí.

Ní Sunday kan, àsìkò ọrẹ tó, Adésọjí ti ọwọ́ bọ àpò kóòtù rẹ̀, ó bu ohun tó wà níbẹ̀ láìwò ó, ó jù ú sínú àwo ọrẹ. Ó dún gbàǹgàn-gbàǹgàn. Ẹni tó ń gba ọrẹ bojú wo àwo, ó bojú wo alàgbà, ó ní “God bless you, sir,” ó sì yára kúrò níwájú rẹ̀.

“Ìyá Dóyin,” ni ọkọ pariwo nígbà tó délé, “kí ló gbé kòròfo dé àpò kóòtù mi?”

“Àpò ọ̀tún ni àbí tòsì?”

“Kí ló kàn mí nínú ọ̀tún àti òsì?”

“Ó kàn yín o. Tọ̀tún ló wúwo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dàpọ̀ mọ́ra.”

Láti ọjọ́ náà ni Adésọjí ti ń wọ aṣọ tí kò lápò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Òṣùwọ̀n nìkan kọ́. Serifat ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó tẹ̀ lẹ́nu. Á tì í bọ inú kòròfo, á máa fi họ ògiri inú rẹ̀ láti wá ibi tí idẹ ti fẹ́lẹ́, nítorí ibẹ̀ ni kòròfo ti máa ń ya lójijì. Lẹ́yìn náà, á ti kòròfo òfìfo wọnú ìbọn ẹni tó fẹ́ lò ó, á wò ó bóyá ìbọn náà á padé láìjà. Ìbọn oníkálukú ní bó ṣe gba kòròfo sí, kòròfo tí ìbọn ẹlòmíràn bá sì ti yìn a máa wú nídìí. Èyí tó bá yege gbogbo rẹ̀, á fi kútẹ́ẹ̀sì pupa kán tóótó kan sí ìdí rẹ̀. Dóyin, ọmọ rẹ̀, máa ń ní, “Mom, you've never painted your own nails.” Òótọ́ ni. Kútẹ́ẹ̀sì ò kan èékánná rẹ̀ rí.

Ìgbà tọ́rọ̀ náà wá di ìjà ni ìgbà tí Gbóyèga gba tag elk, ìyẹn ìwé àṣẹ láti pa ẹyọ kan. Ẹran igbó tó tóbi tó màlúù ni elk, tó ní ìwo bí ẹ̀ka igi, wọn kì í sì í kàn gbé ìbọn lọ pa á níbi tí Gbóyèga fẹ́ lọ yẹn. Orúkọ ni wọ́n ń mú bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi dúró. Ẹnjiníà ni, New Brighton ló ń gbé, Serifat ló kọ́ ọ ní ọdẹ, ó sì mú un bí àbúrò tí wọ́n jọ bí. Oṣù tí orúkọ rẹ̀ jáde gan-an ni ilé iṣẹ́ epo tó ń bá ṣiṣẹ́ dá a dúró. Ọmọ mẹ́rin ló wà nílé. Ó ti sọ fún Súmbọ̀, ìyàwó rẹ̀, pé kó fọ freezer, pé ẹran òtútù ọdún yẹn ti délé.

Ó lọ ra ọgọ́rùn-ún kòròfo àlòkù lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Okotoks, nínú garage. Ó gbé e dé Rundle tayọ̀tayọ̀. Serifat wọn wọ́n, ó họ wọ́n, ó tì wọ́n bọ ìbọn Gbóyèga lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí wọn, ọjọ́ tí wọ́n máa ti igbó sì ń bọ̀. Ní ọjọ́ Friday tó ku ọ̀la, mẹ́fà péré ló ti di ọta. Ó da mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún sínú agolo ọ̀dà tó ń lọ fún àwọn onírin.

“Mẹ́fà, Àǹtí? Ṣé òkò ni mo máa fi parí ẹ̀ ni?”

“Ẹyọ kan ló ń pa ẹran. Márùn-ún yòókù, ti ìbẹ̀rù ẹ ni.”

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ now. Tomorrow is the last Saturday. Tí mo bá pàdánù ẹ̀, it's another six years.”

“Ṣé èmi ni mo mú kó wú nídìí ni? Lọ bá ọkùnrin Okotoks.”

Ó gòkè lọ kírun. Gbóyèga jókòó ti agolo ọ̀dà náà, inú ń bí i. Ó mọ gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì náà, Serifat ló sáà kọ́ ọ. Kó tó di pé Serifat sọ̀ kalẹ̀, Gbóyèga ti mú mẹ́ta nínú èyí tí Àǹtí kọ̀, ó ti sọ wọ́n di ọta, ó ti kó wọn sápò mọ́ mẹ́fà yẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì wà nínú snow ní ìwọ̀-oòrùn ìlú, níbi tí òkè ti ń bẹ̀rẹ̀. Akọ elk kan yọ láàárín igi, ó dúró gbagidi, ó fi ẹ̀gbẹ́ sí wọn. Gbóyèga kúnlẹ̀. Ó ti irin tó ń gbé ọta wọnú ìbọn. Irin dé ìdajì, ó dúró. Ó tì í, kò lọ. Ó fà á, kò bọ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Elk gbórí sókè, ó wò wọ́n dáadáa, ó sì rọra wọ igbó lọ. Kò tilẹ̀ sáré.

Serifat gba ìbọn náà, ó dojú rẹ̀ kọ snow, ó fi igi lu irin náà díẹ̀díẹ̀ títí tó fi tú. Ọta náà bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó yí ìdí rẹ̀ sókè, àwọn méjèèjì sì jọ wò ó. Kò sí kútẹ́ẹ̀sì níbẹ̀.

Gbóyèga ń retí ariwo. Obìnrin tó bá ilé ìtajà jà lórí ẹyọ kòròfo kan, kí ni kò ní sọ?

“Mélòó ló kù?” ni Serifat bi í.

“Méjì, Àǹtí.”

“Kó wọn wá.” Ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sápò. Wọ́n rìn títí ọ̀sán fi pọ́n, wọn ò rí ẹran mọ́, wọ́n sì wakọ̀ padà.

Súmbọ̀ ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọbẹ àti ọ̀rá. Gbóyèga wo ojú rẹ̀, irọ́ náà sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀: “Ọta Àǹtí ló há.” Ohun tó sọ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo Calgary ti gbọ́. Obìnrin tó ń wọn kòròfo bí ẹni ń wọn wúrà, ọta rẹ̀ ò wọnú ìbọn! Ibi tó bá dé ni wọ́n ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. “Mummy, I hear say your bullet refuse to enter o.” Ọdẹ méjì tó ti gbé kòròfo fún un wá gbé e padà, wọ́n ní àwọn á ra ọta ilé ìtajà. Serifat tó lè fi odindi ọ̀sán jiyàn lórí iyọ̀ ò jiyàn. Ó kàn ń sọ pé, “Ó há lóòótọ́.”

Ó tún wá ń gbé ẹran àgbọ̀nrín lọ sí New Brighton lóṣooṣù. Ó ní freezer òun ti ń bàjẹ́, kí Súmbọ̀ bá òun jẹ ẹ́ kó má baà ṣòfò. “Freezer tí a rà ní March?” ni Adésọjí bi í. Serifat ní kó lọ wo bọ́ọ̀lù.

Sátidé kọ̀ọ̀kan ni Gbóyèga ń pinnu pé òní ni òun á jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kó tó la ẹnu, Serifat á ti fi wáyà lé e lọ́wọ́: “Jókòó. Họ èyí fún mi, ojú ń dùn mí.” Báyìí ni ọdún mẹ́ta ṣe lọ. Ní òtútù tó kọjá, àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì mú Serifat lọ, Gbóyèga ò sì tíì sọ ọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣàdúrà ogójì ọjọ́, ilé Rundle kún. Lẹ́yìn tí àwọn ààfáà jẹun tán, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ ti òṣùwọ̀n, Adésọjí fúnra rẹ̀ sọ ti àwo ọrẹ, àwọn kan rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹnìkan wá ké pe Gbóyèga pé kó dìde, kó sọ ti ọta tó há.

Gbóyèga dìde. Ó wo Súmbọ̀, ó wo ilẹ̀.

“Ọta Àǹtí kọ́ ló há,” ni ó wí. “Èmi ni. Wọ́n ní kòròfo náà ò dára, mo yọ́ ọ mú, mo ṣe é fúnra mi. Wọ́n rí i. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo jẹ́ kí ẹ máa fi wọ́n ṣẹ̀sín.”

Dóyin yí ojú sí bàbá rẹ̀. “Daddy, did you know?”

“Kí ìyá ẹ tó bọ́ bàtà lọ́jọ́ yẹn ló ti sọ fún mi,” ni Adésọjí dáhùn. “Mo bínú. Mo ní kó sọ ọ́ síta, kí wọ́n yé fi orúkọ rẹ̀ ṣeré. Ó ní rárá. Ó ní tí òun bá sọ ọ́, ojú á ti Gbóyèga, kò ní wá sí basement mọ́.” Ó mí kanlẹ̀. “Obìnrin yẹn! Ẹ̀mí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Gbóyèga fi ọwọ́ bojú. Ó ń sunkún, kò sì fi pa mọ́.

“So her bullets were good?” ni Dóyin bi í.

“Gbogbo wọn. Every single one. Mi ò rí èyí tó kùnà rí.”

Adésọjí na ọrùn wo ẹ̀yìn ilé, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fọ abọ́.

“Tún un sọ,” ni ó wí. “Sọ ọ́ sókè. Àwọn tó wà ní kitchen ò gbọ́.”

Gbóyèga nu ojú rẹ̀, ó sì tún un sọ.