Kọ̀ǹpútà Géèmù àti Fèrè Iléeṣẹ́

Ládùúgbò wa lẹ́yìn àwọn iléeṣẹ́ Òrégùn, kò sẹ́ni tó ń wo aago kó tó yọ firíìjì rẹ̀ lára iná. Fèrè là ń gbọ́. Bí iléeṣẹ́ tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ bá fọn fèrè ìrọ̀lẹ́, wọ́n á pa ẹ̀rọ wọn, gbogbo iná tí ẹ̀rọ náà ń mu á sì ya wọ ilé wa. Gílóòbù á mọ́lẹ̀ débi pé èèyàn ò ní lè wò ó. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn pàápàá mọ igbe náà: "Fèrè ti dún, ẹ yọ ọ́!"

Nígbà tí mo parí àgùnbánirọ̀ tí iṣẹ́ ò yọjú, mo sọ fún bàbá mi pé mo fẹ́ to kọ̀ǹpútà géèmù sínú ṣọ́ọ̀bù tí màmá mi fi sílẹ̀ kí wọ́n tó kú, kí àwọn ọ̀dọ́ máa wá sanwó gbá géèmù ní wákàtí-wákàtí. Bàbá mi kó gbogbo àjẹṣẹ́kù wọn fún mi. Inú tiẹ̀ bí mi díẹ̀, torí mo mọ̀ pé kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà yẹn bá bà jẹ́, àwa méjèèjì ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nìyẹn.

A jọ lọ sọ́jà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà gbé káàdì gíráfíìsì ràgàjì kan síwájú mi.

"Àǹtí, correct káàdì rèé. Ẹ fi pírósẹ́sọ̀ kékeré tì í, no wàhálà."

"Wàhálà wà o," ni mo dá a lóhùn. "Káàdì ló ń yàwòrán, pírósẹ́sọ̀ ló ń sọ ohun tó máa yà fún un. Bí ìyẹn bá lọ́ra, káàdì á kàn máa wò bọ̀ọ̀ ni. Ṣé owó ìdúró ni kí n máa gbà lọ́wọ́ oníbàárà?"

Bàbá mi, ọmọ Èkìtì, rẹ́rìn-ín. "Iyán àgúnpọ̀ nìyẹn, ìyá mi. Bí ọmọ odó kan bá ń sáré tí èkejì ń tòògbé, kókó lẹ máa jẹ."

Mo mú káàdì tòkunbọ̀ tó mọ níwọ̀n, mo sì wá pírósẹ́sọ̀ tó lè bá a rìn. Mo yangàn. Àfi bí ọlọ́jà ṣe ní ó ku sitẹbiláísà tó ń ṣàkóso iná, pé láìsí i, iná gíga lè jó gbogbo rẹ̀. Owó wa ò tó o mọ́. Mo ní ká mú káàdì tó rẹlẹ̀ sí i, ká lè fi owó tó bá kù rà á.

"Rárá o," ni bàbá mi wí. "Fún kí ni? Ibi tí fèrè ti ń dún ni mo wà. Látọjọ́ tí mo ti débẹ̀, kò yẹ̀ rí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu wọn. A sanwó káàdì, a sì kó ẹrù wa lọ sílé.

Ṣọ́ọ̀bù gbéra, oníbàárà ń wọlé, mo sì ń tọ́jú owó sitẹbiláísà díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Tírélà ń kó ẹ̀rọ tí wọ́n fi tapólì bò jáde ní géètì iléeṣẹ́, n kò rí èyí tó ń kó nǹkan wọlé. Fèrè ọjọ́ Sátidé dákẹ́. Lẹ́yìn náà, gílóòbù wa bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́lẹ̀ jù lọ́sàn-án gangan, nígbà tó yẹ kí ẹ̀rọ máa mu iná lọ́wọ́. Mo bi bàbá mi léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

"Wọ́n ń tún ibẹ̀ ṣe ni." Bàtà iṣẹ́ ni wọ́n ń nù, wọn ò wo ojú mi.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Inú mi ni mo ti sọ ọ́.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, bí ìrọ̀lẹ́ ṣe ń sún mọ́, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì ń gbá géèmù lọ́wọ́ nígbà tí fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Gílóòbù funfun báláú. Mo tẹ́tí sí fèrè, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo nawọ́ sí pọ́lọ̀ọ̀gì, ọwọ́ mi ò tíì dé ibẹ̀ tí nǹkan fi dún pàó, tí èéfín sì gba inú ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo òpópónà ń pariwo firíìjì àti tẹlifíṣàn tó jó. Nígbà tí mo tú kọ̀ǹpútà náà, káàdì ti dúdú, pírósẹ́sọ̀ náà ti lọ. Mo sunkún bí ọmọdé.

Bàbá mi wọlé lásìkò tí wọ́n máa ń dé láti ibi iṣẹ́, àpò oúnjẹ lọ́wọ́ wọn. Mo gba àpò náà. Ó ṣì wúwo bí mo ṣe dì í láàárọ̀.

"Dádì, fèrè ò dún!" ni mo kígbe, bí ẹni tó ń fẹjọ́ sùn.

Wọ́n wo kọ̀ǹpútà náà títí.

"Mo mọ̀. Àárọ̀ ni wọ́n ti ti géètì mọ́ wa lójú. Wọ́n ní iléeṣẹ́ ti kógbá sílé, pé àwọn díẹ̀ ló máa lo ẹ̀rọ tó kù dé ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n á sì pa á láìfọn fèrè." Wọ́n jókòó sórí àga oníbàárà. "Ibùdókọ̀ Máríláńdì ni mo lọ jókòó sí. Láti ọ̀sán ni mo ti ń dìde kí n wá sọ fún ẹ pé kò ní dún. Ojú ló ń tì mí."